Àdín Ọwọ́ Mi àti Ojú Wúrà

Dókítà Adépọ̀jù, tó ń wo ojú ní Jakpa Road, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹyinjú ọmọ-ọmọ mi Wúrà kọ́ ló ṣàìsàn, pé ọpọlọ rẹ̀ ló farapa ní kékeré. Mo purọ́ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ náà wọ sàréè. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìwé kọ. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìgbà tí owó epo ń ya wọ Warri ni. Mò ń ta léèsì nílé wa ní Warri–Sapele Road. Èmi ni mò ń wẹ Wúrà, mo sì ń jù ú sókè bí a ti ń ṣe fún ọmọ tuntun ní Ọ̀yọ́. Rosemary ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Urhobo, kò fẹ́ ẹ. “Mama, abeg, no throw am again.” Mo rẹ́rìn-ín. “Bí mo ṣe ju ọkọ rẹ nìyẹn. Ṣé ó fọ́ ni?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà ń fun fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìkánjú, mo ti fi àdín ra ọmọ lára kí n tó rántí pé n kò tíì jù ú. Ọlọ́gbọ́n ìbá fi í sílẹ̀. Èmi jù ú. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ìpàkọ́ lu sìmẹ́ńtì. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Rosemary sáré dé: “Mama, wetin happen?” Mo ní omi ló tutù. Mo gbé ọmọ fún un, mo lọ ta léèsì.

Nígbà tí Wúrà ń rìn, gbogbo ohun tó wà lápá òsì ló ń kọlù, la bá gbé e lọ bá dókítà. Dókítà ní àwọn onímọ̀ ti rí i lára ọmọ ológbò: bí ẹ̀yìn ọpọlọ bá farapa nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, àwọn fọ́nrán inú ẹyinjú tó ń jíṣẹ́ ìríran síbẹ̀ a máa kú díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún mọ́. Ó ní kò sí oògùn rẹ̀. “Ta ló ju ọmọ yìí sílẹ̀?”

Mùkáílà ọmọ mi wo ìyàwó rẹ̀. Ẹnu mi sì yá. “N kò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Rosemary ni. Mo rí i.”

“Mama! Na me?”

N kò lè wò ó lójú. Mùkáílà lé e lọ, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ mi kì bá ti la ojú Wúrà, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì bá ti dàgbà láìní ìyá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ ni kí ẹ jẹ́wọ́.

Lánàá, mo ránṣẹ́ pe Rosemary láti Jeddo níbi tó ń gbé, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, mo ní kó dárí jì mí. Kò bú mi. Mùkáílà ń sunkún, “Rosemary, jọ̀ọ́.” Rosemary ní kí Wúrà kó aṣọ rẹ̀. “Grandma nko?” ni ọmọ náà wí. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.