Màmá Alágbàfọ̀ àti Irin Tí Kò Tíì Ní Ẹni

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àlàáfíà fún yín. Ẹ mọ̀ mí ní ẹni tí kì í sábà dìde sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì tí mo padà wálé, n kò ríran rí. Bí ẹlòmíràn bá sì ríran, èmi ni mo máa ń bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àlá lásán. Nítorí náà, ohun tí mo rí nìkan ni màá sọ. Ibi tí kò bá dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Màmá Dékúnlé, tí ń fọ sùtánà wa, wà ní àtìmọ́lé. Màmá kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Dékúnlé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ó ṣe ẹnì kan léṣe níbi ìjà, ó sì sá lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kò rí ọmọ, wọ́n gbé ìyá. Baba Ajíhìnrere wa tí wọ́n jókòó níwájú yìí, àwọn ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tí Màmá wà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá lọ sí àgọ́. Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu káńtà bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà kékeré! Ṣé o wá wo màmá ni? Màmá ń gbádùn o. Kò fọṣọ, kò dáná."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin ilẹ̀ wa sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nípò ẹlòmíràn."

Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. "O gbọ́ ọ? Ó gbé òfin wá, kò gbé Dékúnlé wá."

Baba jáde láti ọ́fíìsì wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ohùn wọn tutù bí ìgbà tí wọ́n bá ń wàásù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé Jésù kò jìyà nípò wa ni? Kí ló wá burú bí ìyá bá jìyà díẹ̀ nípò ọmọ tó bí? Bí Dékúnlé bá yọjú, Màmá á yọjú." Wọ́n dá oògùn náà padà fún mi.

Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. N kò tíì parí.

Láti àgọ́, mo wá tààrà sí ilẹ̀ àánú wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn mú. Mo wà nínú ààwẹ̀ tí ìjọ pè nítorí Màmá, nítorí náà n kò lè búra pé ebi kò lọ́wọ́ sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Dìde."

Ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tèmi ni. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n okùn ti jẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì débi pé egungun hàn, ìmọ́lẹ̀ sì ń jáde láti ara egungun náà. Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wá."

Ó yé mi pé nípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un.

A sọ̀kalẹ̀. A kọjá lára àwọn alágbèrè nínú iná, mo fẹ́ dúró wò wọ́n, ó fà mí lápá. "Àwọn aríran yín ti ròyìn ti àwọn wọ̀nyí tó. Wá wo ibi tí ẹ kì í dé."

Ibẹ̀ jọ ẹ̀yìnkùlé àgọ́ ọlọ́pàá, àfi pé n kò rí ìpẹ̀kun rẹ̀. Irin gbọọrọ wà lókè, ènìyàn sì so rọ̀ lórí wọn bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Wọ́n di ọwọ́ wọn mọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn, wọ́n ki irin bọ àárín, wọ́n gbé wọn kọ́, èjìká ń yẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń yẹ̀, ó ń dún bí igi gbígbẹ, àwọn tó ń nà wọ́n kò ní ojú, wọ́n kàn ń nà ṣáá ni, wáyà ń wọ ẹran, ẹran ń já bọ́, ó tún ń hù padà, wọ́n tún ń nà á, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, ó gbóná, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò gbé, gbogbo wọn sì ń ké ohun kan náà: "Èmi kọ́! Èmi kọ́ lẹ ń wá!"

Olùtọ́nà mi ní, "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń mú aláìṣẹ̀ nípò ẹlòmíràn láyé ni wọ́n. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ. Tiwọn gan-an ṣì ń dúró dè wọ́n."

Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ mo jiyàn. Mo ní bí ó bá burú láyé, ó burú níbí náà.

Ó wò mí. "Òfin yìí kò sí níbí tẹ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n gbé e dání wá."

Ẹnì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀mú tó pọ́n fa ahọ́n rẹ̀ jáde. Bó bá ti já, òmíràn á yọ, wọ́n á tún fà á. Olùtọ́nà mi ní òun ló máa ń na ènìyàn títí wọ́n á fi jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwọn adájọ́ lórí àga ẹyín iná. Wọ́n fi ìṣó kan itan wọn mọ́ àga. Nígbàkígbà tí ọ̀kan bá tọrọ omi, ohùn kan á dáhùn pé, "A sún un síwájú," wọ́n á sì tún fi òòlù gbá ìṣó náà wọlé sí i.

Àwọn kan tò lẹ́bàá ògiri, aṣọ olówó iyebíye ń jó mọ́ wọn lára, wọ́n ń pariwo pé, "Àwa ṣòfin! Òfin wa dára!"

Mo ní, "Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?"

"Rárá. Òfin wọn dára. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì lọ sílé. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni kó lọ ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé wò. Ìlú tí ó bá ṣòfin tí kò sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ aláṣẹ, ó ti fi ọmọ rẹ̀ fún aláṣẹ jẹ."

Nígbà náà ni mo rí irin kan tí kò tíì ní ẹni. Sùtánà funfun kan ni wọ́n fi kọ́ síbẹ̀.

Ẹ mọ bí Màmá ṣe ń ṣe. Kó tó ki aṣọ bọ omi, á fi òwú ran àmì sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ti ilé kan pupa, ti òmíràn dúdú. Ó máa ń sọ pé, "Aṣọ ẹnì kan kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn lọ́wọ́ mi." Èmi ni mo máa ń bá Baba gba aṣọ wọn, mo mọ àmì wọn. Mo yí ọrùn sùtánà náà padà. Òwú aláwọ̀ ewé ni, ó ní kókó nídìí, àmì Baba gan-an.

Aṣọ mìíràn pọ̀ lórí irin lẹ́yìn rẹ̀, funfun bíi tiwa. N kò yẹ àmì wọn wò. Ẹ̀rù bà mí.

Olùtọ́nà mi gbé mi gòkè. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò pọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló pọ̀. Ọlọ́pàá kan tí wọ́n ní kó na ènìyàn tó ju kóbókò sílẹ̀, mo rí i tó sùn lábẹ́ igi. Adájọ́ obìnrin kan tó máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú àtìmọ́lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní tuntun kan sílẹ̀, wọ́n gbé omi tó mọ́ sẹ́bàá rẹ̀. Kò sí aṣọ nínú omi náà.

Olùtọ́nà mi ní, "Ti Màmá Dékúnlé ni. A kò tíì pè é. Bí ó bá dé lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tì í wá."

Mo rántí ọ̀rọ̀ Baba. Mo ní, "Wọ́n ní Jésù náà jìyà nípò wa."

Ojú rẹ̀ yí padà, egungun ọwọ́ rẹ̀ kọ mànà. "Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ta ló bi Màmá léèrè? Ẹni tó fi agbára fa aláìṣẹ̀ lọ síbi ìyà kò fara wé Jésù. Pílátù ló fara wé."

Mo jí. Iyanrìn wà lẹ́nu mi, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo gé ahọ́n mi jẹ lójú oorun. N kò fi í ṣe ẹ̀rí.

Baba, bí ẹ bá ní àlá ni, n kò ní bá yín jiyàn. Ẹ mú ìran náà kúrò pátápátá. Òfin tí ẹ búra pé ẹ ó pa mọ́ ṣì wà, ohun kan náà ló ń wí. Obìnrin tí òun àti Màmá jọ wà nínú yàrá, tí ẹ tú sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní apá òsì Màmá kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìran.

Ẹ̀yin ará, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn yín. Òwú tí ọwọ́ yín bà yẹn, Màmá ló ran án, kí ẹ̀wù ẹlòmíràn má baà bọ́ sọ́rùn yín. N kò mọ aṣọ ta ni mo rí lórí àwọn irin tó kù. Kí á má dúró títí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Oògùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Àgọ́ kò jìnnà, ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín, nínú aṣọ tí a wọ̀ yìí. Baba, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ máa ṣáájú wa.