Ohun Tí Wọ́n Fi Àtàǹpàkò Wa Ṣe

Gbé yíǹkì ẹ kúrò lórí tábìlì mi! Gbé e, Gaston, kí n tó dà á sí ọ láṣọ! Ìwé tuntun? O tún mú ìwé tuntun wá, o ní kí Màmá tún bá yín kiri abúlé, kí àwọn obìnrin tún wá tẹ àtàǹpàkò? Háà! Jésù ará Násárẹ́tì! Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́? Jókòó. Mo ní jókòó. Láti ọdún tó kọjá lo ti ń bá mi sọ̀rọ̀, lónìí èmi ni n ó sọ̀rọ̀.

Ṣé èmi Agathe kọ́ ni ìyá ìsàmì ẹ ni? Èmi kọ́ ni mo gbé ọ lọ́wọ́ níwájú fádà, tí o ń ké bí ọmọ ewúrẹ́, tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ nítorí ẹ pé o ó kọ Sàtánì àti gbogbo irọ́ ẹ̀? Nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìdílé Onígbàgbọ́, ta ló jó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?

O wá bá mi lásìkò ìkórè àgbàdo. O ní, "Màmá, òmìnira ti dé, Dàhòmẹ̀ ti di tiwa, ṣùgbọ́n bí àwa onígbàgbọ́ ò bá gbóhùn sókè, àwọn ẹlòmíì ni wọn ó máa ṣòfin lé wa lórí ní Àjàṣẹ́." O ní ẹ fẹ́ kọ̀wé kí ìjọba ti gbogbo ilé ọtí sódábì pa lọ́jọ́ Ìsinmi. Sódábì! O mọ ibi tó ń dùn mí, ibẹ̀ gan-an lo tẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé sódábì ló pa ọkọ mi, bàbá Huguette, tó ṣubú sí kòtò lọ́nà Adakpamẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde? Mo ní, ọmọ mi, gbé ìwé náà wá.

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín! Mo dé Òpómẹ́ta, mo dé Ìdígní, ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu. Kì í ṣe àwa Àgùdà nìkan ni mo lọ bá, mo wọ ilé abọ̀rìṣà, mo wọ ilé ìmàle, torí ọtí ò mọ ẹ̀sìn, ìmàle míì ń mu ún lábẹ́lẹ̀ ju fádà lọ! Mo dé ọ̀dọ̀ Àyìsátù, ìyàwó kẹta Ràmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi láti ogún ọdún, tí oko ẹ̀gẹ́ tiwa jọ pààlà. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ìyá Huguette, kí ló wà nínú ẹ̀? Èmi ò gbọ́ Faransé." Mo ní ọ̀rọ̀ ọtí ni. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọtí nìkan?" Mo yọ róṣárì mi, mo fi búra fún un, mo ní bí nǹkan míì bá wà níbẹ̀, kí Màríà Wúńdíá má gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ ikú mi. Gaston, mo búra! Ló bá rẹ́rìn-ín, ló bá nawọ́, ló bá tẹ̀ ẹ́.

Kí ló wá wà níbẹ̀? Sọ ọ́!

Ràmọ́nù kú lóṣù tó kọjá. Wọn ò tíì ṣàdúrà ogójì fún un tí Lábọ̀dé, àkọ́bí ìyáálé, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, fi mú ẹ̀dà ìwé yín jáde láàárín ẹbí. Ó kà á, ó túmọ̀ ẹ̀. Pé àwa obìnrin Kétu ń bẹ ìjọba pé ìyàwó kan ṣoṣo ni kí òfin mọ̀. Pé èyí tí ọkùnrin bá fẹ́ lé e kì í ṣe ìyàwó, kò ní ilé, kò ní oko, bí ọkọ bá kú kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ó fọwọ́ kan àtàǹpàkò kan tí orúkọ Àyìsátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó bi í pé, "Ìyá, ṣé tiyín kọ́ nìyí? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Wọ́n gba oko lọ́wọ́ ẹ̀, Gaston! Ẹ̀gẹ́ tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn, tí kò tíì tu!

Kí lo wí? Ọ̀rọ̀ ọtí wà níbẹ̀? Níbo? Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan péré! Àwọn ọ̀gá yín ní Kútọnu ló fi ìyókù kún un? Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?

Òfin Ọlọ́run ni? Ọkọ kan, aya kan? Ta lò ń kọ́? Nígbà tí bàbá Huguette fẹ́ mú obìnrin kejì wọlé, ṣebí èmi ni mo dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n gbà lórí mi kọjá? Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di òní olónìí! Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá gbé e lọ bá àwọn tó gbà á gbọ́ bíi tèmi. Bó jẹ́ ogún péré la jẹ́, ogún òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí àtàǹpàkò pọ̀, kí depúté yín lè nà án sókè nílé aṣòfin ní Àjàṣẹ́. Ẹ wá ń fi irọ́ gbé òfin Ọlọ́run ró, bí ẹni pé Ọlọ́run ò lẹ́sẹ̀!

O mú mi búra èké. Òun ló ń dùn mí jù. Mi ò lè gba Ara Olúwa mọ́, mo dé iwájú pẹpẹ, mo padà sẹ́yìn, gbogbo ìjọ ń wò mí.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni Àyìsátù dé síbí, ẹrù lórí. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ìyá Huguette, ṣé o mọ̀?" Ìyẹn nìkan. Yéè! Ì bá kúkú lù mí! Mo ní n ò mọ̀, n ò mọ̀, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Èmi àti Àyìsátù!

Má sunkún. Má kúnlẹ̀ fún mi, èmi kọ́ ni wọ́n lé kúrò nílé. Àyìsátù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Wàá lọ ka ìwé tó tẹ̀ náà fún un ní èdè wa, látòkè dé ìsàlẹ̀, o ò gbọdọ̀ fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ó lọ sílé Ràmọ́nù, wàá sọ lójú Lábọ̀dé àti gbogbo àgbà ẹbí pé ìwọ lo tan obìnrin náà jẹ, pé kò mọ ohun tó tẹ̀, kí wọ́n dá oko ẹ̀ padà. Rárá, kì í ṣe lọ́la! Kì í ṣe bí oòrùn bá rọ̀! Nísinsìnyí. Dìde, máa bọ̀ lẹ́yìn mi.

Bí o bá sì ń kí i, Gaston, ìyàwó Ràmọ́nù ni kí o pè é.