Èmi Ni Mo Yí Ìparí Ìwé Màmá Onífìlà Padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú sí mi. Ohun kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mélòó kan, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Festac níbí, torí gbogbo wa la mọ ara wa. Mi ò ní sọ orúkọ mi. Mo sì ti yí orúkọ àwọn tó kù padà.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé bàbá kan ń kó kúrò ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ó fẹ́ lọ láì fojú kan ọmọ rẹ̀. Irọ́ tí mo pa ló fà á.

Àmọ́ ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ ni mo máa sunkún lé lórí. Apá kan wà níbẹ̀ tí mi ò kábàámọ̀.

Àwọn ìwé kan wà tí mo fẹ́ràn, ìwé apanilẹ́rìn-ín nípa opó kan tó ń rán fìlà, tó sì máa ń tú àṣírí olè nínú ìlú kékeré kan. Màmá Onífìlà là ń pè é. Olè inú ìwé náà kì í pààyàn. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń jí, tàbí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí bàtà ìyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Olè kan wà tó máa ń bọ́ mọ́ Màmá lọ́wọ́ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ lè mọ ohun tí ìwé yìí jẹ́ sí mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ àdúgbò wa kan kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ojú mi ló ṣe dàgbà. Mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n dè mí mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi irin lu ọkọ mi. Ọkọ mi kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú.

Ọwọ́ tẹ ọmọ náà. Àwọn òbí rẹ̀ wá kúnlẹ̀. Pásítọ̀ wá. Àwọn àgbà ilé wá. Wọ́n ní kí n dárí jì í, kí n fa ẹjọ́ náà padà, pé ọmọdé ni. Wọn ò jẹ́ kí n mí. Ó rẹ̀ mí, mo gbà. Lónìí mo máa ń rí i ní Alákijà, níbi tó ti ń ra súyà. Á kí mi, "Ẹ káàsán, Àǹtí." Á tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò lè dá jókòó nínú ilé tó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, Bímpé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú ìwé Màmá Onífìlà àkọ́kọ́ wá fún mi. Mò ń kà á sókè, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà lè rò pé a pọ̀ nínú ilé. Mò ń yí ohùn padà, ohùn Màmá, ohùn ọlọ́pàá, ohùn olè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Bímpé ló ní kí n máa gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, kí n máa fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àdúgbò wa. Àwọn kan níbẹ̀, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Festac gbọ́ Yorùbá, àmọ́ wọn ò lè kà á. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń kàwé fún gbogbo wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kálukú á fi ohùn sọ èrò rẹ̀ nínú gúrúùpù náà lórí orí tí mo kà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ kí Dádì tó sọ tiwọn, torí àwọn ni àgbà wa.

Dádì ni bàbá tí mò ń sọ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣẹ́gun, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lẹ́wọ̀n, torí lọ́jà Trade Fair, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n jí. Dádì kì í dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ tí a bá ti ń bú Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò, wọ́n á ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Á gbọ́n. Màmá mọ̀ pé á gbọ́n." Gbogbo wa mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ìwé tó kẹ́yìn jáde, ẹ̀dà kan ṣoṣo la rí rà, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Mo kà á dé orí tó gbẹ̀yìn. Òjò ń rọ̀ nínú ìwé náà. Wọ́n kan ilẹ̀kùn Màmá. Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò ni. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni."

Ẹnu mi kò ṣí mọ́.

Mo fojú ka ìyókù. Màmá ṣílẹ̀kùn. Ó bu oúnjẹ fún un, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó wá máa kọ́ṣẹ́ fìlà lọ́dọ̀ òun. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Ṣé ohùn tèmi ni kí wọ́n fi gbọ́ ìyẹn? Wọ́n ti fipá gba ìdáríjì lẹ́nu mi rí. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ì báà jẹ́ nínú ìwé.

Mo pa ìwé dé, mo sì sọ tèmi sínú fóònù. Mo ní Màmá yí kọ́kọ́rọ́, ó pariwo lójú fèrèsé, ará ìlú jáde, wọ́n mú Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò lọ. Mo tún fi kún un pé Màmá ní, "Ẹni tó bá ti jalè, kò ní gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́ láéláé." Mo fi ránṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Ọjọ́ yẹn ni ara mi balẹ̀ jù láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Nígbà tó di Sunday, Dádì kò sọ̀rọ̀. A dúró títí. Sàmú, tó ń tún ọkọ̀ ṣe, kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Dádì, ẹ foríjì mí o, inú mi ti fẹ́ bẹ́! Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! Òǹkọ̀wé yìí, Ọlọ́run á fún wọn lẹ́mìí gígùn. Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò, ó di ẹlẹ́sẹ̀ ṣẹkẹṣẹkẹ̀!"

Bímpé fèsì pé, "Sàmú, ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́. Èmi ò gbà o. Gbogbo ìwé tó ṣáájú la fi rẹ́rìn-ín, kí ló dé tí èyí ò fi pani lẹ́rìn-ín? Màmá tí mo mọ̀ kò lè ṣe báyìí. Àfi bí ẹlòmíì bá wọn kọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì Bímpé ní kí n yá òun ní ìwé náà. Mo ní àgbàrá òjò ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tajà, ó ti bà á jẹ́. Irọ́ ni. Ìwé náà wà nínú àpótí aṣọ mi.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn ni Dádì tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí Màmá, pẹ̀lú gbogbo sùúrù rẹ̀, bá lè ti ilẹ̀kùn, ta ni èmi?" Mo gbọ́ ọ, mi ò sì jẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sí i, Ṣẹ́gun jáde lẹ́wọ̀n. Ó lọ sílé bàbá rẹ̀. Dádì kò ṣí géètì. Àwọn ará ilé sọ ohun tí Dádì wí fún un, ọ̀rọ̀ tí mo fi sí Màmá lẹ́nu ni, kò yí padà rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣẹ́gun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ló ń sùn, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jó irin. Mi ò ṣí irin ẹnu ọ̀nà. Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó sún sẹ́yìn, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síbi tí mo ti lè rí i.

Ó ní, "Màmi, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kàwé fún Dádì. Dádì máa ń gbọ́ tiyín. Wọ́n ń padà sí Ìṣẹ́yìn. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo wá."

Ó kí mi, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ó yé yín. Mi ò kábàámọ̀ pé mo kọ̀ láti ka ìparí yẹn. Bí wọ́n bá tún gbé e fún mi lónìí, mo tún máa kọ̀. Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé, "Mi ò lè kà á, ẹ wá ẹlòmíì." Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Mo fi ìbínú mi sẹ́nu ẹlòmíì, bàbá kan sì gbà á gbọ́.

Mo ti pinnu láti lọ bá Dádì kí Sátidé tó pé. Màá gbé ìwé náà dání, màá sì jẹ́wọ́. Gúrúùpù náà á lé mi, mo mọ̀. Kí wọ́n lé mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò mọ̀, òun ni mo fi wá sọ́dọ̀ yín. Báwo ni mo ṣe máa sọ òótọ́ yìí fún Dádì láìsọ fún wọn pé kí wọ́n dárí ji ọmọ wọn? Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn há mi mọ́gun rí, mi ò sì ní fi há ẹnikẹ́ni mọ́gun. Mo fẹ́ kí Dádì ní ìwé náà lọ́wọ́, kí wọ́n sì ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ sọ.