"Pa Á Dáadáa"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Bàbá yín ti wọlẹ̀ lánàá, irọ́ tí mo fi fìyà jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ bá èmi náà wọlẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Omijé kò sí lójú mi. Ara mi ti kú tipẹ́.

Ẹ rántí Ọ̀gá, ajá bàbá yín. Ara ń yún un, ó ń bu ìdí ìrù ara rẹ̀ jẹ títí irun ibẹ̀ fi re dànù. Dókítà ẹran ya irun rẹ̀ wò, ó ní, "Ìyàwó, eégbọn ni. Ẹ máa fi ìpara yìí pa á lára, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé. Bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́, eégbọn á tún padà." Èmi tí mo ń fọ aṣọ ibùsùn aráyé ní ilé ìfọṣọ, n kò fọ àkísà ajá náà lẹ́ẹ̀kan. Ìwà burúkú gbáà ni. Inú ń bí mi pé bí bàbá yín bá pè láti ìdí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ajá ló ń kọ́kọ́ béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pè, ó ní, "Ajá mi ńkọ́? Pa á dáadáa kí n tó dé o." Ìpara wà lọ́wọ́ mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń wí. Ẹ gbọ́ mi yé: mo mọ̀ ọ́n.

Mo fa ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ní, "Ọkọ mi ní kí ẹ gún un lábẹ́rẹ́ kó kú." Ó ní, "Háà! Ara yíyún yìí ò lè pa á, ìyàwó. Ẹ pè é kí n bá a sọ̀rọ̀." Mo ní ó ń wakọ̀ lọ́wọ́, kò lè gbé fóònù. Ọ̀gá gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, ó ń họ etí títí abẹ́rẹ́ fi wọlé.

Nígbà tí bàbá yín dé, mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹnu mi ló pa á." Láti ìgbà náà, kò jẹ́ sọ gbólóhùn kan láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ń pè é ní Bàbá Jẹ́-n-rò-ó, èmi náà ń bá yín rẹ́rìn-ín. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, dárí jì mí nítorí ajá yẹn. Mi ò la ọ̀rọ̀ yé ọ." Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ohun tó jáde ni, "Mo ti dárí jì yín."

Ó sùn, kò jí mọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀. Ẹ dárí jì mí, tàbí kí ẹ má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé bàbá yín ò mọ ọ̀rọ̀ sọ.