Kẹ́ẹ̀gì Epo Bàbá Tìmẹ́hìn àti Owó Ìjáde Tí N Kò Jẹ́ Kí Ó Gbà Padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú sí mi. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ó ti mọ́ mi lára bíi bàtà tó há díẹ̀, ǹ bá sì máa wọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ Aládùúrà kan ní Odigbo fẹ́ fi mí joyè ní ọjọ́ ìkórè wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní. Olùgbèjà Aláìní ni wọ́n pe oyè náà. Wọ́n ti wọn èjìká mi fún sùtánà.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń fi olóyè ṣe yẹ̀yẹ́. N kò tíì rí ọ̀kan tí n kò fún ní orúkọ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó dábàá pé kí wọ́n fún mi lóyè yìí gan-an ni mo ṣẹ̀.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní Ore, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá ènìyàn lówó kọ́lé. Ìwé ilé ẹni tó yáwó máa ń wà lọ́wọ́ wa títí yóò fi san gbèsè rẹ̀ tán. Bó bá san án tán, ó tún máa san ohun tí à ń pè ní owó ìjáde kí a tó dá ìwé náà padà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí tí ènìyàn fi ń sanwó kó tó lè kúrò níbi tó ti ń sanwó láti ọjọ́ tó ti dé. Mo kàwé gboyè, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Tìmẹ́hìn. Oko rẹ̀ wà ní Ajue, ilé tó fi owó wa kọ́ wà ní Odigbo. Lọ́jọ́ tó fẹ́ yáwó, èmi ni mo jókòó tì í, tí mo ka ìwé àdéhùn sí i létí láti orí dé ìdí. Ìwé náà sọ pé owó ìjáde rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tó ń san lóṣù kan lọ.

Kòkó ṣe dáadáa fún ọdún méjì tẹ̀ léra, Bàbá sì san gbèsè rẹ̀ tán ṣáájú àkókò. Ó dé fìlà tuntun wá sí ọ́fíìsì. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kó mú owó oṣù mẹ́ta wá.

Èdè Ìkálẹ̀ ni Bàbá fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń tún un kọ kí gbogbo yín lè gbọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ohun tí o kà sí mi létí nìyẹn?"

"Òun náà ni, Bàbá. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn mi. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni. N kò dìde. Ọkùnrin tó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kí ló tún fẹ́ lọ yẹ̀ wò nínú kọ́bọ́ọ̀dù? Mo buwọ́ lù ú pé mo ti fi iye náà wé ìwé àdéhùn, àti pé ó bá a mu.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá kó owó náà wá pé. Ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan sórí tábìlì mi. Mo ní kí ni ti epo. Ó ní nígbà tí bàbá òun ra oko kòkó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó fi dógò fún, iṣu àti epo ló rù lọ fún onítọ̀hún.

"Ẹni tó bá wa tọ́jú nǹkan wa, a kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ká fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

Bí àwọn àgbà wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ọpẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í padà lọ béèrè ọpẹ́ tó ti ṣe. Mo gba epo náà. Ó dára gan-an, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n ní àṣìṣe ti wà. Ẹnikẹ́ni tí a bá gba owó ìjáde lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ lè kọ̀wé wá gba iye tó fi lé náà padà. Wọ́n tún ní òṣìṣẹ́ tó bá buwọ́ lu iye tí kò tọ́ yóò wá wí tẹnu rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà káàkiri Odigbo àti Araromi-Obu. Mo bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà, mo bá wọn tẹ̀ka, wọ́n sì rí owó wọn gbà. Ọmọ ìjọ Aládùúrà tí mo sọ yẹn ni púpọ̀ nínú wọn, wòlíì wọn sì ní ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí òun kéde ló ṣí àpótí báńkì. Wọ́n dárúkọ èmi náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yin ààwẹ̀ tán.

Akọ̀wé kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló buwọ́ lu ti gbogbo wọn. Ti Bàbá Tìmẹ́hìn nìkan ló ní ọwọ́ mi nínú.

Ní àkókò yẹn gan-an ni àga ọ̀gá ẹ̀ka wa ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Àga náà máa ń yí. Mo ti ń wò ó fún ọdún mẹ́fà.

Bàbá gbọ́ ìròyìn, ó sì wá bá mi.

"Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ yín ń dá owó ìjáde padà. Ṣé tèmi náà wà níbẹ̀?"

"Tiyín yàtọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ rántí epo tí ẹ gbé wá? Ọpẹ́ lẹ fi tiyín ṣe. Ṣé èèyàn máa ń lọ gba ọpẹ́ padà ni?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Rárá o. Ìyàwó mi ló ní kí n wá béèrè. Má bínú, ọmọ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wá."

Mo ní mi ò ní sọ. Ìlérí kan ṣoṣo tí mo mú ṣẹ fún un nìyẹn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé mi sórí àga náà.

Ọkàn mi ìbá ti sùn lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Ajue, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ oko Bàbá kọjá. Mo rí obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń ká kòkó. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo bi wọ́n bóyá òṣìṣẹ́ Bàbá Tìmẹ́hìn ni wọ́n.

"Òṣìṣẹ́ kẹ̀?" obìnrin náà dáhùn. "Àwa là ń jẹ èso ibí. Bàbá fi dógò fún ọkọ mi. Ó ní báńkì ní dandan ni kóun mú owó kan kún tọwọ́ òun wá kí wọ́n tó kó ìwé ilé òun fóun."

"Ìgbà wo ló máa rà á padà?"

"Ìgbà tó bá rówó ni. Ìkórè kẹta wa rèé. Kó má kánjú, ọ̀gá."

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí Bàbá fi ọjọ́ márùn-ún yẹn ṣe. Ó lọ fi oko dógò kó lè gba ilé kúrò ní dógò, ó sì tún wá gbé epo fún mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Bàbá dìde nínú ìjọ, tó ní kí wọ́n fi mí joyè. Ó ní, "Ọmọ yìí ka ìwé sí mi létí, kò fo ìlà kan." Òótọ́ ni. N kò fo ìkankan.

Mo ti kọ lẹ́tà rẹ̀ báyìí. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé èmi ni mo buwọ́ lu iye tí kò tọ́, àti pé mo mọ̀ pé kò tọ́ nígbà tí mo lé Bàbá padà. Olú ilé-iṣẹ́ ṣì ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ títí ọdún yìí yóò fi parí. Ìka Bàbá nìkan ló kù. Owó tí wọ́n máa dá padà lè ra oko náà padà kúrò ní dógò. Kòkó ìkórè mẹ́ta kò sí nínú lẹ́tà kankan. Owó oṣù tèmi ni mo fẹ́ fi san ìyẹn, bí wọ́n bá ṣì fi owó oṣù sílẹ̀ fún mi.

N kò tíì lọ. Mo mọ̀ pé àga lè lọ, kí sùtánà náà sì lọ. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni pé Bàbá tún lè ní kí n má bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá a nílé rẹ̀, kí àwa méjèèjì nìkan sọ ọ́, àbí kí n dúró níwájú ìjọ, níbi tó ti yìn mí, kí n sọ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ aṣọ fún mi?

Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣì wà nílé mi. Omi la fi ń pọn. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ra dógò padà kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo, mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti fi àṣà yẹn tan Bàbá jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rọ epo kún un ni, àbí kí n gbé e lọ fún un bó ṣe wà?