Orin Tí Mo Fi Tú Ilé Ìtẹ̀wé Ẹni-A-Fẹ́ Ká

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde lónìí. Inú mi ń dùn bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ìwé kejì péré ni mo kà o. Ẹ fojú fo ibi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́.

Lọ́dún 1979, àwọn obìnrin méjì kan ń gbé lójú ọ̀nà Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn wa níbí: Ojúọlápé tó ti ṣe tíṣà rí, àti Fàtímọ̀ tó ń ta aṣọ òkè. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí tọkọtaya. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, wọ́n sọ ilé ìtẹ̀wé wọn ní Ẹni-A-Fẹ́. Obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n ń tẹ̀. Kò sí ọ̀gá lórí wọn. Èmi ni mo ń fi òwú tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ rán ìwé náà pọ̀. Háà, mo rí ìyanu! Bébà á wọlé ní funfun, á jáde tòun ti ọkàn ènìyàn lára. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti Ìgànná pé òun ti rò pé òun nìkan l'Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí òun ka ìwé wọn. Ojúọlápé kà á sí mi létí, mo sunkún, nítorí èmi náà ti ro bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwé bá pé, Fàtímọ̀ á fi ọ̀já pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, á fi aṣọ bò ó, á wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú." Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìwé ló ń pọ̀n.

Ibi tí àwa obìnrin ti ń gún kóró òrí ni mo ti dẹ́ṣẹ̀. Sàrátù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ló gbójú sókè: "Ìyá Gbádébọ̀, ẹsẹ̀ yín ò kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ àwọn obìnrin méjì yẹn o. Àbí ẹ̀yin ni ìyàwó kẹta?" Ẹ̀rín bẹ́ nídìí odó. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi orin sẹ́nu:

Obìnrin méjì jókòó, kò sí baálé,
Ìwé ni wọ́n bí, ìwé ni wọ́n pọ̀n,
Ìwé ò lè ké pé "Ìyá mi o."

Ọlọ́run fún mi lórin, mo fi ṣe òkò. Ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ tẹ̀lé Fàtímọ̀ lọ́jà. Ọjọ́ keje, onílé wọn, Bàbá Ràsáàkì, ní, "Ẹ kẹ́rù yín. N kò lè bá orin gbélé." Èmi àgbàyà, mo bá wọn di ẹrù, mo ń ṣépè fún ẹni tó dá orin náà!

Wọ́n kó ìwé ìkẹyìn fún mi láti rán. Mo rí orin mi lójú ewé tó kẹ́yìn. Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: À, wá, wù. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ látìgbà tí mo ti bí Gbádébọ̀! N kò rí i nínú ìwé rí láyé.

Ojúọlápé ní, "Ìyá Gbádébọ̀, ta ló tún mọ̀ pé a ń pọn ìwé?"

Fàtímọ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Orin ìkà ni, àmọ́ ó dùn jọjọ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, àwa kì í gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Mo wò wọ́n lójú, mo ní, "Àwáwù pọ̀ ní Ìsẹ́yìn."

"Ó dáa, mà," ni Ojúọlápé wí. "Ẹ bá wa rán an tán."

Mo rán an. Igba ìwé, mi ò fo ọ̀kan.

Ṣakí ni wọ́n kó lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń tẹ̀wé, pé ọkùnrin Ìgànná yẹn ló ń bá wọn yí ẹ̀rọ. Ọlọ́run tóbi! Gbogbo ariwo mi ò pa ilé ìtẹ̀wé náà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ìbẹ̀rù bá fún yín lórin, ẹ má kọ ọ́. Lọ́la, mo ń wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, n ó kúnlẹ̀. Bí wọn ò bá ṣí i, n ó kúnlẹ̀ síta, n ó pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́ pé èmi ni.