Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Màmá Wa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó! Ilé ti parí, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti gbá a mọ́, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ò gba àga onítáyà Màmá wa. Ṣebí torí balùwẹ̀ yẹn la ṣe kọ́lé! Mo ti àga yẹn títí, táyà ń ha férémù lára, Màmá ní kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu mọ́, pé àwọn á máa wẹ̀ nínú abọ́ ní yàrá. Ìyá tó wẹ gbogbo wa dàgbà!

Ẹ̀yin lẹ sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ ló dáa jù. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé kọ́kọ́ yà á tán pátápátá, ká tó wá kọngílá tó máa kọ́ ọ, ká bá oníkálukú ṣàdéhùn tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn. Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ṣọ́ ọ?

Ayàwòrán ní ìwọ̀n tóun kọ síbẹ̀ tó, kọngílá ló yẹ kó mọ̀ pé férémù á jẹ nínú àyè ẹnu ọ̀nà. Mo sáré tọ kọngílá lọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wò mí lójú sọ o: "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yà lẹ ní kí n kọ́."

Ó rí i! Ó rí i, ó pa ẹnu mọ́, ó ń to búlọ́ọ̀kù lọ! Mo ní kí ló dé tí kò fi pe ayàwòrán. Ó ní kò sí nǹkan tó da àwọn pọ̀, èmi lòun bá ṣàdéhùn. Ayàwòrán náà ní òun ò mọ kọngílá rí, èmi ni mo mú un wá. Eléyìí gbá mi síhìn-ín, tọ̀hún gbá mi sọ́hùn-ún, àfi bíi bọ́ọ̀lù. Ta ló máa wá fọ́ ògiri yẹn? Wọ́n ń nawọ́ síra wọn.

Sùúrù kẹ̀? Ẹ ní kí n ṣe sùúrù? Ẹ lọ sọ ọ́ fún Màmá níwájú abọ́ omi.

Ó tó gẹ́ẹ́. Àtìgbà tí ilé ti parí lèmi nìkan ti ń gbé Màmá lọ sídìí abọ́ omi, ẹ̀yìn mi ti kán. Ẹ̀yin lẹ gbà wá nímọ̀ràn. Títí àwọn méjèèjì á fi mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn, ẹ̀yin lẹ óò máa gbé Màmá wọ balùwẹ̀ láràárọ̀, èmi á wẹ̀ wọ́n. Ẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù yín sókè. Omi ti gbóná, Màmá ń retí yín.